Ẹ̀jẹ̀ Kọ́, Ilẹ̀kùn Ni: Ìtàn Bọ́ọ̀lù Bùràsíìlì àti Ìfẹ́ Tí A Ní sí I

Orílẹ̀-èdè tí ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní ayé pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń tètè bọ́ sí ẹnu àwọn ènìyàn wa, bí a bá yọ ti ara wa sílẹ̀, ni Bùràsíìlì. Ní Ìyànà Ìbà, níbi tí títì tí ó lọ sí Ìbà àti Ìgàndó ti yà kúrò lára màrosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, ènìyàn kò ní í rìn jìnnà kí ó tó rí aṣọ aláwọ̀ ìyeyè lára ọmọdé tí ń kiri omi tútù, tàbí lára kọ̀ńdọ́ tí ń pe èrò Òkòkòmaikò. Bí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé bá ń lọ lọ́wọ́, tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ti já kúrò, kì í pẹ́ rárá kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó sọ ara wọn di ọmọ Bùràsíìlì. Àwórì onílẹ̀ ń ṣe é, Ẹ̀gùn ń ṣe é, Ìgbò tí ń tajà ní Alábà ń ṣe é, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó náà ń ṣe é.

Bí a bá bèèrè ìdí rẹ̀, ìdáhùn kan wà tí àwọn tí ó ti ka ìwé díẹ̀ máa ń fọ̀. Wọn a ní: ‘Ẹ̀jẹ̀ wa ni. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ni ó bí àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù dárà yẹn.’ Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ó sì ń mú orí ẹni wú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dídùn nìkan kọ́ ni ìtàn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti gbé ìdáhùn náà ka orí òṣùwọ̀n, kí a rí ibi tí ó ti tẹ̀wọ̀n àti ibi tí ó ti fúyẹ́, kí a sì wò ó bóyá ìdí mìíràn wà tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ.

Ọ̀nà Tí Ó Lọ sí Òkun

Kí a má tan ara wa jẹ, ìbátan wà láàrin wa àti Bùràsíìlì. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń pọ́ sí lójoojúmọ́ ní Ìyànà Ìbà yìí, ìlú tí ó jẹ́ èbúté ẹrú láyé àtijọ́ ni ó lọ. Láti Àgbádárìgì, láti Èkó, láti Àjàṣẹ́ tí àwọn aláwọ̀ funfun ń pè ní Porto-Novo, àti láti Ouidah, ni wọ́n ti kó ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ káàárọ̀-oò-jíire sínú ọkọ̀ òkun. Gbogbo ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú dé Bùràsíìlì, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí òwò náà, súnmọ́ 5,000,000. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó gba iye tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ogun tí ó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, àti àwọn ogun abẹ́lé tí ó tẹ̀ lé e, ni ó sọ ọ̀pọ̀ Yorùbá di ẹrú. Bahia ni wọ́n sì kó púpọ̀ nínú wọn lọ. Nagô ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí Nagô ni ó wà ní iwájú ìdìtẹ̀ tí ó mi Salvador, olú ìlú Bahia, tìtì. Lẹ́yìn tí ìdìtẹ̀ náà forí ṣánpọ́n, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan kúrò nílùú. Àwọn mìíràn tí wọ́n ti fi owó ara wọn ra òmìnira wọ ọkọ̀, wọ́n sì padà sílé.

Àwọn tí ó padà wálé wọ̀nyí ni a ń pè ní Àgùdà. A mọ ọwọ́ wọn ní Èkó. Àwọn ni ó tẹ Pópó Àgùdà dó. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ni ó kọ́ Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894. Àwọn ni ó kó frejon, ẹ̀wà tí a ń fi omi àgbọn sè ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, dé ọ̀dọ̀ wa. Gbàgede Campos ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó ń jẹ́ orúkọ ìdílé Àgùdà kan, wá di pápá bọ́ọ̀lù kékeré tí òkìkí rẹ̀ kàn láàrin àwọn ọ̀dọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní àjèjì ni Bùràsíìlì jẹ́ sí Èkó, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ Èkó.

Ẹ̀jẹ̀ Lórí Òṣùwọ̀n

Ṣùgbọ́n ìbátan jẹ́ ọ̀tọ̀, ìdí tí ènìyàn fi mọ bọ́ọ̀lù gbá jẹ́ ọ̀tọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù, Bahia ni ó yẹ kí ó jẹ́ orírun bọ́ọ̀lù Bùràsíìlì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. São Paulo àti Rio de Janeiro ni eré náà ti ta gbòǹgbò, púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹrú tí wọ́n sì kó gúnlẹ̀ sí apá ibẹ̀, Àǹgólà àti agbègbè odò Kóńgò ni wọ́n ti wá. Três Corações ní Ìpínlẹ̀ Minas Gerais ni a ti bí Pelé ní ọdún 1940. Pau Grande, ìletò kan tí ilé iṣẹ́ aṣọ híhun wà, ní Ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro, ni a ti bí Garrincha. Kò sí èyí tí a lè pè ní ọmọ Nagô nínú àwọn méjèèjì láìpurọ́ mọ́ ìtàn.

Òótọ́ ni pé Bahia náà kò kẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó ń jẹ́ orúkọ ìpínlẹ̀ náà ni ó gba ife ẹ̀yẹ Taça Brasil àkọ́kọ́, ti ọdún 1959, Santos tí í ṣe ẹgbẹ́ Pelé ni ó sì borí kí ó tó gbà á. Ọmọ Salvador ni Bebeto, tí ó wà lára àwọn tí ó gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ọdún 1994. Ṣùgbọ́n a kò lè fi èyí nìkan so gbogbo ògo Bùràsíìlì mọ́ ìdí Odùduwà. Ọmọ Potogí, ọmọ Ítálì, ọmọ Jámánì, ọmọ onílẹ̀ tí ó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, gbogbo wọn ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè náà.

Ewu mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni ó fún ènìyàn dúdú ní ọgbọ́n ẹsẹ̀, kò ní í pẹ́ gbọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni kò fún un ní ọgbọ́n orí. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ adúláwọ̀ ní Bùràsíìlì, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i nísinsìnyí.

Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì

Àwọn olówó ni ó kọ́kọ́ ni bọ́ọ̀lù ní Bùràsíìlì. Charles Miller, ọmọ tí a bí ní São Paulo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Scotland, ni wọ́n sábà máa ń pè ní bàbá eré náà níbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n rán an lọ kàwé, nígbà tí ó sì padà dé ní ọdún 1894, ó mú bọ́ọ̀lù méjì àti ìwé òfin eré náà bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ọjọ́ 13 oṣù Èbìbí ọdún 1888 ni òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì jáde. Ọdún mẹ́fà péré ni ó wà láàrin òmìnira ẹrú àti bọ́ọ̀lù Miller. Àwọn tí òfin náà dá sílẹ̀ kò ní ilẹ̀, wọn kò ní owó, wọn kò sì ní ilé ìwé. Bí àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà ẹgbẹ́ wọn, ẹ̀yìn odi ni ọmọ adúláwọ̀ wà.

Ìtàn kan wà tí àwọn ará Rio kò jẹ́ kí ó parẹ́. Wọ́n ní ní ọdún 1914, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Carlos Alberto, ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú díẹ̀, máa ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì kun ojú kí ó tó bá ẹgbẹ́ Fluminense wọ pápá. Bí òógùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ìyẹ̀fun a máa ṣí, àwọn òǹwòran a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Arthur Friedenreich, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìran Jámánì, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ adúláwọ̀, ni ó gbá góòlù tí Bùràsíìlì fi gba ife ẹ̀yẹ Gúúsù Amẹ́ríkà ní ọdún 1919. Gbogbo ìlú ni ó yọ̀ fún un. Síbẹ̀, ìyìn ọjọ́ kan kò ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ adúláwọ̀ yòókù.

Ẹgbẹ́ Vasco da Gama ti Rio ni ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà. Ní ọdún 1923, tí ó jẹ́ ọdún àkọ́kọ́ wọn ní ìsọ̀rí tí ó ga jù, Vasco kó àwọn adúláwọ̀, àwọn àdàmọ̀dì ẹ̀jẹ̀ méjì, àti àwọn òṣìṣẹ́ funfun tí kò ní lárí jọ, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Rio mọ́ àwọn ọlọ́lá lọ́wọ́. Inú bí àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Ní ọdún 1924, Fluminense, Flamengo, Botafogo àti América yà sọ́tọ̀, wọ́n dá ìdíje tuntun sílẹ̀. Wọ́n ní Vasco lè bá àwọn kẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ lé agbábọ́ọ̀lù 12 dànù. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé wọn kò ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, wọn kò sì mọ ìwé. Agbábọ́ọ̀lù kankan ní láti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sínú ìwé kí ó tó wọ pápá. Vasco wá di ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn bí a ti ń mú kálàmù. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ kò lè ka ibẹ̀ kọjá láìdúró: ìwé tí a ń bẹ ọmọ pé kí ó kọ́, òun ni wọ́n sọ di ọ̀pá tí wọ́n fi dábùú ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Igbe ọdún 1924, ààrẹ Vasco, José Augusto Prestes, kọ lẹ́tà ránṣẹ́ pé ẹgbẹ́ òun kò ní í lé ẹnikẹ́ni, àti pé bí ó bá gba pé kí àwọn má bá wọn kẹ́gbẹ́, ó tẹ́ àwọn lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ọdún kan kò kọjá kí wọ́n tó gba Vasco wọlé. Ní ọdún 1927, ó kọ́ pápá ìṣeré ńlá tirẹ̀ tí a mọ̀ sí São Januário. Ní ọdún 1933, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí a máa san owó iṣẹ́ fún agbábọ́ọ̀lù ní gbangba. Láti ìgbà náà lọ ni ọmọ tálákà ti lè fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ní ọdún 1938, Leônidas, adúláwọ̀ ọmọ Rio, ni ó gbá góòlù jù nínú ìdíje àgbáyé tí ó wáyé ní ilẹ̀ Faransé.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó ṣí lónìí tún lè padé lọ́la. Ní ọjọ́ 16 oṣù Agẹmọ ọdún 1950, Uruguay na Bùràsíìlì ní góòlù 2 sí 1 ní pápá Maracanã. Barbosa aṣọ́lé, Bigode àti Juvenal, adúláwọ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orí wọn ni wọ́n sì di gbogbo ẹ̀bi rù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tún jáde: wọ́n ní ọkàn ọmọ adúláwọ̀ kì í le tó bí ogun bá dé ojú rẹ̀. Barbosa ru ẹ̀bi náà títí ó fi kú ní ọdún 2000. Aṣọ funfun ni Bùràsíìlì wọ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìbànújẹ́ yẹn ni wọ́n pe àwọn ènìyàn sí ìdíje láti ya aṣọ tuntun, Aldyr Schlee, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, sì borí pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tí a gbá léwéko lọ́rùn. Aṣọ tí wọ́n ń ná kiri ní Ìyànà Ìbà lónìí, inú ẹkún ni ó ti jáde.

Nígbà tí ó di ọdún 1958 ní Sweden, Pelé ọmọ ọdún 17, Garrincha ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́, àti Didi ọlọ́gbọ́n àárín pápá, pa irọ́ náà rẹ́. Góòlù 5 sí 2 ni wọ́n fi na onílé, wọ́n sì gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n tún gbà á ní ọdún 1962 àti 1970, àwọn ọmọ wọn sì gbà á ní ọdún 1994 àti 2002. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ Bùràsíìlì yí padà láàrin ọdún 1894 sí 1958. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ náà ni. Ilẹ̀kùn ni ó ṣí.

Ilẹ̀kùn Tiwa

Ìtàn tiwa kò yàtọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni bọ́ọ̀lù ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ní ọdún 1904, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Hope Waddell ní Kàlàbá bá àwọn atukọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì figagbága, wọ́n sì na wọ́n ní góòlù 3 sí 2. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré ìdárayá àwọn òyìnbó kò gba ọmọ onílẹ̀ láyè. Ní ọdún 1938, Nnamdi Azikiwe dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Zik’s Athletic Club sílẹ̀ ní Èkó, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ẹ̀yà àti gbogbo àwọ̀. Bí Vasco ti ṣe ní Rio ni èyí ṣe jọ: ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́, ó kọ́ ilé tirẹ̀, kò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9 ni wọ́n gbá. Wọ́n borí nínú 2, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú 5. Ẹnu ya àwọn òǹwòran pé ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ni a tó lè lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Pelé wá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1969, tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, Santos bá ẹgbẹ́ Nàìjíríà ta ọ̀mì 2 sí 2 ní Èkó. Pelé ni ó gbá góòlù méjèèjì fún Santos. Ní oṣù Èrèlé, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlú Benin pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni ìtàn kan ti ń jà ràn-ìn pé ogun dúró fún wákàtí 48 kí tọ̀tún tòsì lè wo Pelé. Àwọn tí ó yẹ ìwé ìròyìn ìgbà náà wò kò rí ohun tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n kéde irú ìdáwọ́dúró bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òpìtàn kò gbọdọ̀ ju ìtàn náà nù bí èèpo ẹ̀gẹ́. Bí kò bá sọ ohun tí ìbọn ṣe, ó sọ ohun tí àwọn ènìyàn ń fẹ́. Àwọn tí ogun ti rẹ̀ gbà pé bí ohun kan bá lè mú kí arákùnrin méjì sọ ìbọn kalẹ̀, eré tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn ni. Ìgbàgbọ́ yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ara ìtàn wa. Pelé tún padà wá ní ọdún 1978. Aṣọ Fluminense ni ó wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní Kàdúná. Ìyẹn ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ní ọmọ adúláwọ̀ ń kun ìyẹ̀fun ìrẹsì nínú rẹ̀ ní ọdún 1914. Ẹ wo bí ayé ti ń yí!

Ní ọdún 1979, ìjọba gba Otto Glória, ọmọ Rio, láti wá máa kọ́ Green Eagles. Òun ni ó kọ́ ẹgbẹ́ Potogí tí ó ṣe ipò kẹta ní àgbáyé ní ọdún 1966. Ní ọjọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1980, ní pápá ìṣeré ti orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà fi góòlù 3 sí òdo na Algeria, a sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọ̀dẹ́gbàmí gbá 2 wọlé, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan, Christian Chukwu sì ni balógun wọn. Ọgbọ́n Bùràsíìlì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tiwa ni ó gbá a.

Òru Tí Ọmọ Na Ọ̀gá

Bí ìfẹ́ náà ti rí rèé títí di ọdún 1996: ìfẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sí ọ̀gá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Agẹmọ ọdún náà, ní ìlú Athens ní Ìpínlẹ̀ Georgia, Amẹ́ríkà, a pàdé Bùràsíìlì nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Wọ́n ti nà wá ní góòlù 1 sí òdo nínú ìdíje kan náà ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Ronaldo wà níbẹ̀, Rivaldo wà níbẹ̀, Roberto Carlos wà níbẹ̀, Bebeto ọmọ Salvador náà wà níbẹ̀, ó sì gbá góòlù kan sínú àwọ̀n wa. Nígbà tí a fi lọ fún ìsinmi, 3 sí 1 ni wọ́n fi ń lé wa. Okocha gbá pẹ́nárítì, aṣọ́lé wọn mú un. Òru ni ní ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ìgbà náà ni Ikpeba dá ẹyọ kan padà. Bí àkókò ti fẹ́ pé, Kanu gbá èkejì, ó di 3 sí 3. Nígbà tí wọ́n fi àkókò kún un, Kanu yìí kan náà gbá góòlù tí ó parí gbogbo rẹ̀. A na Bùràsíìlì ní 4 sí 3. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a na Argentina, a sì gba wúrà.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé ìfẹ́ Bùràsíìlì kò kú láàrin wa lẹ́yìn òru náà. Bí ó bá ṣe pé ẹrú ìran bọ́ọ̀lù wọn ni a jẹ́, à bá ti kọ̀ wọ́n nígbà tí a ti borí wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ náà di ti ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Aṣọ ìyeyè kò kúrò lọ́rùn ọmọdé. Kìkì pé ọmọdé tí ó wọ̀ ọ́ mọ̀ nísinsìnyí pé òun náà lè nà án. Ní ọdún 2009, nígbà tí ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé nílẹ̀ wa, Neymar, Coutinho, Casemiro àti Alisson wà lára àwọn ọmọ Bùràsíìlì tí ó wá, pápá Teslim Balogun ní Sùúrùlérè sì wà lára ibi tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù. Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti já.

Ilẹ̀ Tí Ọmọ Yóò Sáré Lé

Mo ti sọ pé ilẹ̀kùn ni, ẹ̀jẹ̀ kọ́. Ó ku ohun kan tí ilẹ̀kùn náà ṣí sí, òun ni ilẹ̀. Ní São Paulo, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí omi máa ń bò lẹ́bàá odò ni wọ́n ń pè ní várzea. Nítorí pé omi ń bò ó, kò sí ẹni tí ó kọ́lé sí i. Nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ́lé sí i, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọ wọn rí ibi gbá bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni eré tí ó ti inú ọgbà àwọn olówó jáde ti di ti gbogbo ìlú. Títí di òní, orúkọ ilẹ̀ àbàtà yẹn ni wọ́n fi ń pe bọ́ọ̀lù àwọn mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n bí ìlú ti ń gbòòrò, wọ́n yí ipa odò, wọ́n da kọnkéré, ọ̀pọ̀ pápá wọ̀nyí sì parẹ́.

Ọ̀jọ́ àti agbègbè rẹ̀ náà jẹ́ ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀sà. Ó ní àbàtà tirẹ̀, ó sì ní ilẹ̀ gbalasa tirẹ̀ nígbà kan. Òkúta méjì lápá kan, òkúta méjì lápá kejì, bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́lẹ́ kan láàrin, eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìlú ti kún lónìí. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń mú màrosẹ̀ Àgbádárìgì gbòòrò sí i, tí wọ́n sì fi ojú irin sínú ètò rẹ̀ títí dé Òkòkòmaikò; nígbà tí ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023, Mile 2 ni ó mọ. Títì dára, ojú irin dára, ọjà náà dára. Síbẹ̀, bí ilé àti ṣọ́ọ̀bù ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ọmọdé lè sáré lé ń dín kù. Ọjọ́ ìdìbò tàbí ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì, tí ọkọ̀ kò bá rìn, ni a máa ń rí bí ìyà náà ti tó: àwọn ọ̀dọ́ a tú síta, wọn a sọ màrosẹ̀ di pápá. Ọmọ tí ó ń dúró de ọjọ́ tí ìlú dákẹ́ kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù, a ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn láìsọ ọ́ lẹ́nu. Ní Rio, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, Vasco sì rí ohun tí yóò fèsì sí. Níhìn-ín, kò sí lẹ́tà tí a lè fèsì. Bíríkì ni ó ń sọ̀rọ̀.

Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ eré lásán ni èyí. Kí wọ́n rántí pé nínú eré lásán yìí ni ọmọ ẹrú ti kọ́ ayé pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa olùkọ́, àwọn ọba àti ìjòyè tí ilẹ̀ wà níkàáwọ́ wọn, àwọn ìjọba ìbílẹ̀, àti àwọn òbí, ó yẹ kí a bèèrè ohun kan ṣoṣo nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ pín ilẹ̀ tí ó ṣẹ́kù: níbo ni àwọn ọmọ yóò ti máa sáré? Ilé ìwé tí ó bá sì ṣì ní pápá, kí ó dì í mú bí ẹni di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mú.

Pelé papò dà ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2022. Ní ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni. Ọ̀fọ̀ náà tọ́, ìfẹ́ náà sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìfẹ́ Bùràsíìlì tí ó mọ lórí aṣọ àti ariwo, itọ́ ni a fi mọ ọ́n. Èyí tí ó bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọdé, tí kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀yà rẹ̀ tàbí nítorí òṣì bàbá rẹ̀, òun ni yóò dúró.